Òwú Pupa Lọ́rùn Ìgò

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì jókòó. Ọ̀rọ̀ tó há mi lọ́fun gbọ́dọ̀ jáde lónìí kí èémí mi tó tán. Àbúrò mi obìnrin, má tíì gbé ife omi yẹn wá. Ìwọ náà, Màdáàmù Ẹ̀rí, tí o dúró lẹ́bàá fèrèsé, má wò mí bí ẹni ń ṣàánú mi. Mi ò fẹ́ràn rẹ nígbà náà, mi ò sì tíì fẹ́ràn rẹ báyìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n pè ọ́ wá, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni àgbà tíṣà bàólójì nílé-ìwé wa. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ ọmọ tuntun kì í yí padà: wo nǹkan dáadáa, béèrè, dá àbá, dán an wò, kí o tó yanu. Ẹnu mi dùn jọjọ! Àfi ìgbà tí obìnrin yìí dé láti wá bá wa kọ́ni. "Ẹ̀rí dà?" ló máa ń wí sí gbogbo ọ̀rọ̀, ìyẹn ni àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Màdáàmù Ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kan, mò ń pín àwọn ohun abẹ̀mí sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí lójú pátákó, mo sì to olú mọ́ ewéko. Ó ń kọjá lọ, ló bá yà wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, olú kì í ṣe ewéko. Kò ní àwọ̀ ewé, kò lè fi oòrùn wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni." Òótọ́ ló sọ. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Olú, mo sì búra nínú mi pé n óò fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀.

Nígbà tó yá, ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ń gbé nílé-ìwé. Màdáàmù Ẹ̀rí fura sí omi táǹkì, ó ní kí alásè máa sè é kí àwọn ọmọ tó mu ún. Pìrìnsípà ń kùn pé gáàsì ń tán. Ni obìnrin yìí bá ní òun yóò fi hàn án. Ó bu omi táǹkì sínú ìgò kan, ó so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ó bu omi sísè tó ti tutù sínú ìkejì, ó so òwú funfun mọ́ ọn, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì. Bí mo ṣe ń kọ́ni gan-an nìyẹn! Ó kó wọn sí láàbù, ó lọ pe pìrìnsípà àti àwọn tíṣà. Kọ́kọ́rọ́ láàbù wà lọ́wọ́ èmi náà. Mo wọlé, mo kọ́kọ́ wo omi táǹkì lábẹ́ maikirosíkóòpù, mo rí ohun tó wà níbẹ̀ kedere. Lẹ́yìn náà ni mo tú òwú méjèèjì, mo sì fi wọ́n pàárọ̀ ọrùn.

Pìrìnsípà fojú sí i. Nínú omi olówùú funfun, àwọn ohun ẹlẹ́mìí wíntinwìntin, oní-sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ń rá kiri. Nínú ti òwú pupa, kò sí nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Màdáàmù, ṣé omi sísè yín ló wá ń bímọ ni?" Èmi náà wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin yìí bi í: "Ẹ̀rí dà?" Gbogbo tíṣà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí alásè yéé se omi. Mo jẹun yó lọ́jọ́ yẹn, èmi òǹrorò.

Ẹ dákẹ́, mi ò tíì débẹ̀. Àbúrò mi, ọmọ rẹ obìnrin wà lára àwọn tó ń gbé nílé-ìwé, ìgbẹ́ gbuuru náà sì mú un. Mo lọ wò ó ní yàrá àwọn aláìsàn. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn. "Bàbá, òǹgbẹ ń gbẹ mí. Ṣùgbọ́n Màdáàmù ní kí n má mu omi táǹkì." Jọ́ọ̀gì omi táǹkì wà lórí tábìlì. Màdáàmù Ẹ̀rí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní omi sísè ní yàrá mi. Ẹ jẹ́ kí n sáré bù ú wá. Ẹ má fi ìjà wa pa ọmọ." Bí mo bá gbà, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo bu omi táǹkì sí ife, mo gbé e sí ọmọ náà lẹ́nu. Mo ní, "Ta ni tíṣà àgbà nínú àwa méjèèjì? Mu ún jàre." Ó gbà mí gbọ́. Ó mu ún tán, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tó fi kú.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi ló sì wọ́ ọ. Àbúrò mi, o sunkún léjìká mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló pa ọmọ mi?" Mo ní àmúwá Ọlọ́run ni. Irọ́ ni mo pa mọ́ Ọlọ́run. Èmi ni.

Màdáàmù Ẹ̀rí, dárí jì mí, bí o tilẹ̀ ń bí mi nínú. Àbúrò mi, láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀ ni o ti ń se omi, tí o ń jẹ́ kó tutù, tí o ń gbé e sí mi lẹ́nu. Òǹgbẹ ń gbẹ mí báyìí. Ife wà lọ́wọ́ rẹ, o sì ti mọ ohun tí mo bù fún ọmọ rẹ. Bí o bá fẹ́ dà á nù, dà á nù. Mi ò ní bẹ̀ ọ́.