Ogún Ọjọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèdàmọ́lá ti gbé mì láti ọdún mọ́kànlá, ọ̀sán Sátidé kan ló pọ̀ ọ́ jáde ní pálọ̀ ilé olóògbé Fátókun, àgbẹ̀ Olúpọ̀nnà. Dókítà ti sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ń kọṣẹ́ sílẹ̀. Adébísí ìyàwó rẹ̀ ló wà á láti Ìwó débẹ̀. Àwọn méjì ló wá bá: Ìyá Ẹfúnróyè, opó Fátókun, àti Nàfísátù ọmọ wọn, tó ń kọ́ni ní físíìsì ní iléèwé girama kan ní Ilé-Ogbó. Kò jẹ́ kí ìkíni tán. Ó ní, "Irọ́ ni mo pa. Nàfísátù ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí n tó kú."

Ó ṣàlàyé fún Ìyá Ẹfúnróyè pé iṣẹ́ tí òun fi gbogbo ayé òun ṣe ni láti fi hàn pé àkókò kì í rìn bákan náà fún ohun gbogbo. Ohun tó bá ń sáré gidigidi, àkókò a máa falẹ̀ fún un. Ó ní àwọn nǹkan bíńtín kan ń já bọ́ láti ojú sánmà, mùọ́nù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀mí wọn kò gùn, ó yẹ kí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣègbé lójú ọ̀nà, àfi pé eré tí wọ́n ń sá ló ń sún ikú wọn síwájú. Ẹni tó bá kà wọ́n lórí òkè, tó tún kà wọ́n nísàlẹ̀, yóò rí i pé òótọ́ ni. Òun àti Nàfísátù, tó jẹ́ olùkọ́ lábẹ́ òun ní yunifásítì nígbà náà, fi ẹ̀rọ kà wọ́n fún ogún ọjọ́ ní Jos, lórí òkè. Ó ku ogún ọjọ́ ti Ìwó, nísàlẹ̀. Òjò sì wọ inú ẹ̀rọ náà. Àpérò kan ń bọ̀ lókè òkun, orúkọ òun ti wà níbẹ̀. Òun bá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, òun kọ nọ́ńbà ogún ọjọ́ láti inú orí ara òun.

"Mo rò pé mo ti mọ ohun tó máa jẹ́," ló wí. "Mo ní kí ni mo tún ń kà á fún. Ìgbéraga lásán."

Nàfísátù kò mọ̀. Ó tún ẹ̀rọ ṣe, ó dá ka ogún ọjọ́ náà pé, ó sì gbé ìwé rẹ̀ wá tayọ̀tayọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò gún régé bíi ti ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ tí wọ́n ń wá wà nínú rẹ̀ kedere. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn fi rọ́pò nọ́ńbà irọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ náà jáde ní nọ́ńbà ti Ìwó ti gún régé jù, tí ìgbìmọ̀ yunifásítì sì jókòó lé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàfísátù ló kà á, irọ́ yòówù tó bá wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Ìwé tí ọmọbìnrin náà kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fà á ya.

Adébísí kò gbọ́ èyí rí. Ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká ọkọ rẹ̀.

"Ìyẹn kọ́ ló burú jù," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Fátókun, tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, wá sí ilé rẹ̀ ní Ìwó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àgbàlagbà náà nílẹ̀, kò ní kó dìde. Ó sọ fún un pé bí Nàfísátù bá lè fọwọ́ sí ìwé pé òun jẹ̀bi, wọn kò ní lé e. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa lé e. Fátókun lọ fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ ọmọ rẹ̀. Nàfísátù fọwọ́ sí i nítorí bàbá rẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n lé e.

Ìyá Ẹfúnróyè kò sunkún. Ó ní, "Títí bàbá ẹ̀ fi kú, bí wọ́n bá ti dárúkọ yunifásítì, á dìde kúrò níbẹ̀. Èmi náà gbà pé ó ṣe é, Prof. Èmi tí mo bí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Nàfísátù ní kó jókòó, ó sì bi í pé, "Ká ní ara yín le, ṣé ẹ̀ bá wá?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tọ́jú ìdáhùn mìíràn sílẹ̀ láti ilé. "Rárá," ló wí. "N kì bá tí wá."

Nàfísátù mí kanlẹ̀. Ó ní ìdáríjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí yunifásítì. Lẹ́yìn náà, kó wá bá àwọn ọmọ kíláàsì òun sọ ohun tó ṣe, torí ọdọọdún ni àwọn kan nínú wọn ń ti inú orí kọ nọ́ńbà àyẹ̀wò físíìsì tí wọn ò ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ó fara ti tábìlì níwájú kíláàsì náà, ó sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́ fún wọn. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí níkẹyìn, "ohun tí ẹ ò bá kà, ẹ má kọ ọ́. Ẹni tí mo ba ayé ẹ̀ jẹ́ ló jókòó sẹ́yìn yín yẹn. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Gbogbo kíláàsì bá yíjú padà, wọ́n ń wo tíṣà wọn.