Omi Tí Mi Ò Rò

Ẹ dákun, ẹ má tíì tan mọ́tò kékeré tó ń ro omi yẹn. Ẹ jẹ́ kí omi náà dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún tó kọjá, òní ni mo fẹ́ tu ú síta, ojú ì báà tì mí. Tíṣà mọ ìdajì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà mọ ìdajì yẹn. Ìdajì kejì, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ohun tó kó wa jọ sínú gáréèjì Tíṣà yìí ni iná tútù: kí ohun tó ń mú oòrùn gbóná máa ṣẹlẹ̀ nínú ìgò omi lórí tábìlì, láìsí èéfín, láìsí ariwo. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní irọ́ ni. Àwọn díẹ̀ ní ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn àwọn díẹ̀ yẹn ni àwa wà. Ẹgbẹ́ Olómi-Gbígbóná ni ìyàwó mi ń pè wá. Tíṣà fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní físíìsì kó tó fẹ̀yìn tì. Wẹ́dà ló jó irin tábìlì yìí pọ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń kọ iye tí tẹmómítà bá sọ sínú ìwé, torí òun nìkan ni ìkọ̀wé rẹ̀ ṣeé kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi télọ̀, kí ni mo mọ̀? Wọ́n fún mi ní igi pẹlẹbẹ kan, wọ́n ní kí n máa ro omi. Sátidé kan èmi, Sátidé kejì Nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ kékeré ni, àmọ́ òun ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Wáyà tí iná ń gbà kọjá wà láàárín ìgò, tẹmómítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o ò bá ro omi náà, ẹ̀gbẹ́ wáyà nìkan ni yóò gbóná, tẹmómítà á wá máa pariwo ohun tí kò sí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, bọ́tìnnì já lára ṣẹ́ẹ̀tì mi, èmi tí mò ń rán tàwọn ẹlòmíràn. Mo wọ abẹ́ tábìlì lọ wá a. Kí n tó dìde, Tíṣà ti figbe ta. Díígírì mẹ́ta lé lórí iye tó ti ṣírò! Oṣù mẹ́jọ nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, mi ò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Télọ̀, ṣé o rò ó?” Mo ní, “Mo rò ó, ẹ̀gbọ́n.” Mo sì ti rò ó lóòótọ́: nísàlẹ̀ tábìlì níbẹ̀, mo rò ó lọ́kàn ara mi pé ó yẹ kí n dìde lọ rò ó. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Ẹnu kan náà ni mo fi purọ́, òun náà ni mo fi dá ara mi láre.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọlọ́wọ́-Iná. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí Tíṣà bá kọjú sí ìwé, màá dá igi dúró. Bó bá yíjú padà, ọwọ́ mi á ti máa yí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Sátidé ti Nọ́ọ̀sì, omi kì í ju iye tó yẹ lọ, torí pé ṣe ló ń rò ó bí ẹni ń po oògùn ọmọ ọwọ́. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bọ̀dá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n wo bí ẹ ṣe ń ṣe é.” Kò fura sí mi rárá. Ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni. Bó bá jókòó tì mí, àṣírí mi tú nìyẹn.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí ló burú jù. Mo lọ bá Tíṣà ní kọ̀rọ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ o, àmọ́ mo yọjú lójú fèrèsé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí Nọ́ọ̀sì tó ti sùn lọ, igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.” Irọ́ pọ́nńbélé! Tíṣà rọra sọ fún un pé kó lọ sinmi, pé ẹnì kan rí i. Kò dárúkọ. Nọ́ọ̀sì ní, “Tíṣà, mi ò sùn. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ lóòótọ́, ó rẹ̀ mí, àmọ́ mi ò sùn.” Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ wá dúró lára Wẹ́dà, ẹni tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ti yán. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Wẹ́dà yanu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi rí ọ̀rọ̀ sọ: mo ní kí á máa bá iṣẹ́ lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ní kí Tíṣà wá ṣàlàyé ohun tí a rí. Mo ń wọn kóòtù sí i lára ní ṣọ́ọ̀bù mi, pínnì kún ẹnu mi. Ó ní, “Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló ro omi náà, màá ní àbúrò mi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni.” Mo yọ pínnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ọ̀rọ̀ omi nìkan fún un. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kóòtù alápá kan lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Apá kejì kóòtù ńkọ́? Mo ṣì ń lọ.” Ó lọ lóòótọ́. Ó sọ fún wọn pé a ṣìnà, ó sọ bí a ṣe ṣìnà. Ọ̀gá kan dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fún wa ní tẹmómítà mẹ́rin, ó ní òun á máa yẹ ìwé wa wò. Mo tú mọ́tò lára maṣíìnì ìránṣọ mi kó máa ro omi. Tíṣà lọ bẹ Nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ̀rọ̀ omi fún un, Nọ́ọ̀sì sì padà wá. A ò tíì rí iná tútù, bóyá a ò sì ní rí i, àmọ́ iye tó wà nínú ìwé wa báyìí ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Lóṣù tó kọjá, ìdajì díígírì kan yọjú lẹ́ẹ̀mejì, a ò tíì mọ ibi tó ti wá. Tíṣà ò pariwo. Ó ní kí á kọ́kọ́ wá àṣìṣe wa.

Ṣùgbọ́n títí di òní, Nọ́ọ̀sì kì í wo ojú Wẹ́dà. Nọ́ọ̀sì, àbúrò mi, kì í ṣe òun. Èmi ni. Èmi ni mo ní o sùn, mo sì mọ̀ pé o ò sùn. Wẹ́dà, forí jì mí, o ru ẹrù mi fún odidi ọdún kan. Tíṣà, ẹ forí jì mí, mo jẹ́ kí ẹ fi ẹnu ara yín lé ẹni tó mọ iṣẹ́ jù nínú wa lọ. Ẹ̀yin tuntun, lọ́jọ́ tí tẹmómítà bá sọ ohun tí ọkàn yín ń fẹ́ gan-an, ẹ tún un wọ̀n. Nọ́ọ̀sì, bí o bá ní kí n máa lọ, mi ò ní bínú. Bí o bá sì ní kí n dúró, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Fún mi ní àga tó kọjú sí ọ, níbi tí o ó ti máa rí ọwọ́ mi méjèèjì.