Ọmọ Tó Fi Orin Fa Ọ̀rọ̀

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ìdóàní lọ sí Ọ̀wọ̀, bàbá kan àti ìyá kan tí wọn kò mọ ara wọn rí jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n sì ń sọ.

Bàbá náà ní, "Ọmọbìnrin mi kọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ní ìmọ̀ èdè lòun fẹ́ kà. Ta ló máa gbà á síṣẹ́? Ṣebí gbogbo wa là ń sọ̀rọ̀?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo sọ fún tèmi náà nìyẹn. Bó ṣe kà á tán ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá rẹ̀. Tó bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ kì í jáde, omijé ló máa ń bọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà."

"Ọmọ yìí jókòó tì í, ó dá orin ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn pé orin lè ṣẹ́ kù lọ́pọlọ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá mà gbè é! Ọ̀rọ̀ inú orin náà ń já geere lẹ́nu rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi orin fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún kàwé lé e, irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló ń tọ́jú báyìí nílé ìwòsàn."

"Ó fi orin fa ọ̀rọ̀," bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "Kí ni ọkọ yín wá kọ́kọ́ sọ, tí kì í ṣe orin?"

Ìyá náà nu ojú. "Ó wò mí, ó ní, 'Ṣé o ti jẹun?'"

Bàbá náà ṣí fìlà, ó gbé e lé orókùn, kò sì dé e mọ́ títí a fi dé Ọ̀wọ̀.