Kéèkì Olóyin Tí Mo Fún Àbúrò Ìyàwó Mi

Ẹ gbé ife yín sílẹ̀ ná. Ẹ má tíì mu ún. Láti ìgbà tí mo ti wọ yàrá ìjẹun yìí lẹ ti ń yìn mí, ẹ ní kò sí imú bíi tèmi nínú gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tó wà nílùú. Ẹ wá bu wáìnì funfun sínú ife fún mi, pé kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n sọ irú èyí tó jẹ́ àti oúnjẹ tó bá a mu, kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ ìdágbére fún mi bí mo ṣe ń fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ wáìnì níbí. Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ọ̀rọ̀ ti há mi lọ́fun pẹ́, òní ni yóò jáde. Ohun tó wà nínú ife yìí, omi tútù tó ń ta ahọ́n lásán ni lẹ́nu tèmi. Imú mi ti kú tipẹ́. Kí imú kú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ohun tí mo ṣe fún obìnrin tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, tí kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ni, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá lónìí.

Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́ níbí. Nígbà yẹn, kí àlejò tó jókòó, màá ṣí àwọn ìgò tí a fẹ́ lò, màá gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá sì dá a padà sínú yìnyín. Tí ìdérí bá ti ba wáìnì jẹ́, á máa rùn bíi páálí tí òjò pa, kò sì gbọdọ̀ dé iwájú àlejò. Mo kọ́ ọ. Mo ní wáìnì funfun tó mú bí irú èyí, ẹja yíyan ló ń wá, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀, àti wàràkàṣì ewúrẹ́. Mo ní tí ohun téèyàn jẹ bá ti dùn ju wáìnì lọ, wáìnì á kan lẹ́nu rẹ̀ bí ọtí kíkan, nítorí náà ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun dídùn ṣáájú. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó di tirẹ̀. Inú mi sì kọ́kọ́ dùn sí i, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Àfi bí ìfura ṣe wọlé dé. Mo máa ń kọ ojú ìgò sí ẹnu ọ̀nà; tí mo bá jáde tí mo padà, ojú òmíràn á ti yí. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó fi ìgò sábẹ́ épúrọ́ọ̀nù gba ilé ìdáná lọ, mo sì gbọ́ tí nǹkan ń dà gbuu sínú síǹkì. Òun àti ọ̀gá alásè á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí mo bá ti yọjú, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ní hẹn-ẹ̀n, ipò mi ló ń wá. Ó ń da wáìnì tó dára nù kí wọ́n lè sọ pé èmi ni mò ń mu ún. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà; èmi mu oògùn náà yó. Ìyàwó mi ní kí n yéé fi èrò burúkú pa ara mi, pé ẹni tó ń pè mí ní bàbá òun kò lè gbẹ́ kòtò dè mí. Ni mo bá ń fura sí ìyàwó mi náà. Ọbẹ̀ tó bá gbé síwájú mi, màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Imú wo? Ó ti kú nígbà náà, mi ò kàn fẹ́ gbà ni. Ẹ bá mi bi mí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń ta wáìnì gbé wáìnì funfun tuntun wá fúnra rẹ̀. Ọ̀gá obìnrin tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní àbúrò ìyàwó mi ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níwájú gbogbo wa, kó sọ oúnjẹ tó bá a mu. Kò pe èmi. Mo lọ ra kéèkì olóyin, mo tún da oyin lé e lórí. Mo bá a ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, ẹ̀rù ń bà á. Mo ní kó jẹ ẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó wo kéèkì, ó wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní ba ẹnu mi jẹ́?”

“Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máà bínú, ó jẹ ẹ́ tán. Ó fẹ́ mu omi, mo ní wọ́n ti ń pè é. Irọ́ ni. Wọn ò tíì pe ẹnikẹ́ni. Ìkà ni mí, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún un.

Ó tọ́ wáìnì náà wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó tún un tọ́. Olóòótọ́ ni, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló sọ: ó ní ó ti kan, pé kò sí oúnjẹ tó lè gbà á là. Inú bí ọkùnrin tó gbé wáìnì náà wá. Ọ̀gá yíjú sí mi. Mo gbé ife, mo ki òkú imú yìí bọ̀ ọ́, mo dijú bí ẹni ń gbàdúrà, mo ní kò ní àbùkù kankan, kí wọ́n gbé ẹja yíyan àti ọsàn wẹ́wẹ́ wá. Lẹ bá pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn kan nínú yín wà ńbẹ̀. Òun ò pàtẹ́wọ́. Ó ń fi ahọ́n lá ètè, ó ń wò mí, mo sì rí i pé ó ti yé e. Kò dárúkọ kéèkì. Wọ́n ní kó má wá síṣẹ́ mọ́. Lẹ́nu géètì, ó ní kí n máa jẹ́ kí ọ̀gá alásè bá mi gbóòórùn ìgò. Mo rò pé ó ń bú mi ni.

Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi ń dá ìgò padà. Wọ́n ní ó ń rùn bíi páálí tútù. Mo gbóòórùn rẹ̀ títí, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá alásè ló fà mí wọ ilé ìdáná.

“Gbogbo ìgò tó bàjẹ́ tí ẹ ò mọ̀, àbúrò ìyàwó yín ló ń bá yín dà á nù. Ó ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú tì yín.”

Mo jókòó sórí àpótí ìgò, mo sunkún bí ọmọdé. Mo mọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, imú ọ̀gá alásè lẹ ń yìn. Òun á gbóòórùn, á ṣẹ́jú sí mi, èmi á gba ìyìn. Ìyàwó mi kú pẹ̀lú ìbínú sí àbúrò rẹ̀ tí kò wá kí i mọ́, kò sì mọ ẹni tó lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá ń fura sí ẹnì kan, ẹ bi í léèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá tú gbogbo rẹ̀ fún mi.

Àbúrò mi, mo rí bí o ṣe ń wo àwo yẹn, mi ò sì bá ọ wí. Kò sí oyin nínú rẹ̀. Ẹja ni, ọ̀gá alásè ló yan án, mi ò sún mọ́ ọn. Mi ò ní kí o jẹ ẹ́. Mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, àmọ́ má dá mi lóhùn níwájú èrò, kí ojú má baà tì ọ́ láti kọ̀. Ife tèmi nìyí. Wá bá mi tọ́ ọ wò, kí o sọ fún wọn bó ṣe rí. Ohun tí o bá sọ lèmi náà yóò sọ. Tí o bá ní ó ti kan, ó ti kan.