Gààrì Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé ìparí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Èébú náà tọ́ sí mi, mi ò sá fún un. Ó ti tó bí ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan sì ń bọ̀ wá sílé wa.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, nínú ilé bàbá mi, èmi, ìyàwó mi àti ìyá mi tó ti dàgbà. Mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́nà Ijagun, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wá pariwo lé mi lórí. Ọmọ méjì péré ni ìyá mi bí. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Bùrọ̀dá Mùfútáù, ẹ̀gbọ́n mi, fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ.

Mo ṣì wà nílé ìwé nígbà tí Bùrọ̀dá lọ sí Abidjan. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Èmi ni mo wà nílé. Èmi ni mò ń gbé Ìyá lọ sí ọsibítù, èmi ni mò ń wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kiri, èmi náà ni mo gun òrùlé lọ́jọ́ tí ìjì ṣí i. Àmọ́ tí Ìyá bá kírun tán, orúkọ Mùfútáù ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ń dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ sí Abidjan, àwa bíi méjìlá tí a jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù háyà bọ́ọ̀sì kan, a gba ọ̀nà Kútọnu lọ. Bàbá kan ará Ayépé, tó ti di olóògbé báyìí, ti sọ fún Ìyá tẹ́lẹ̀ pé òun rí Mùfútáù níbẹ̀. Ó ní ó ń ta páàtì mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá ní Treichville. Ìyá ní kí n lọ wá a.

Ìyá di gààrì fún un. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ irú gààrì tí mò ń sọ, èyí tó kan dáadáa, tó gbẹ, tó ń ta èèyàn lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá fúnra wọn ló lọ jókòó ti àwọn tó ń yan án, kí wọ́n má baà fi èyí tí kò kan tàn wọ́n jẹ. Wọ́n fi àjákù ìró wọn kan dì í, wọ́n ta á ní kókó méjì. Wọ́n ní, "Tó bá rí aṣọ yìí, á mọ̀ pé èmi ni mo rán ẹ. Sọ fún un pé mi ò bínú. Kó ṣáà wá, kí n fojú kàn án." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá la lò. Lọ́jọ́ tí Nàìjíríà bá gbá bọ́ọ̀lù, a ó lọ sí pápá. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá gbá, a ó máa wo ìlú kiri. Mo gbádùn ìlú náà, kí n má tàn yín. Mo rí àwọn ilé gogoro tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ní Plateau. Mo jẹ ẹja yíyan létí òkun ní Grand-Bassam títí ikùn mi fi le. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni màá lọ wá Bùrọ̀dá.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọkùnrin Yorùbá kan tó ń mú wa kiri dúró pẹ̀lú wa létí ọ̀sà. Ó nawọ́ sí òdìkejì omi. Ó ní, "Treichville nìyẹn. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Tí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi báyìí, kíá la ti débẹ̀. Àbí erin lẹ fẹ́ kọ́kọ́ lọ wò nínú ọgbà ẹranko?"

Kò sí ìkankan nínú àwọn tí a jọ lọ tó mọ iṣẹ́ tí Ìyá rán mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ fèsì. Mo ní ká lọ wo erin. Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo kẹ̀yìn sí omi, mo ní kí wọ́n ya fọ́tò mi. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa nínú fọ́tò náà.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ̀ pé tí mo bá mú Mùfútáù wálé, inú Ìyá á dùn bí kò ṣe dùn rí, wọn ò sì ní rántí mi mọ́. Ohun tó wà nínú mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, oúnjẹ wọn ti sú wa. Mo tú kókó méjèèjì. A bu omi tútù sí gààrì náà, a fi ẹ̀pà àti ẹja mu ún, a ń wo bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn ń ṣàdúrà fún ìyá mi.

Nígbà tí mo padà dé, mo ti ṣètò irọ́ mi. Màá ní wọ́n ní ó ti kó kúrò níbẹ̀. Àfi bí Ìyá ṣe lọ ń kó aṣọ tí mo wọ̀ jáde nínú báàgì mi láti fọ̀, tí wọ́n rí àjákù ìró wọn. Wọ́n mú un wá bá mi ní pálọ̀. Wọ́n ní, "Aṣọ mi rèé. Mùfútáù ńkọ́?"

Ojú tì mí. Ahọ́n mi ò gbé. Mo dorí kodò.

Ẹ mọ bí a ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ wa. A kì í là á mọ́ ìyá lórí pé ọmọ ẹ̀ ti kú. Ẹni tó gbé ìròyìn náà wá á jókòó, á dorí kodò, á dákẹ́, ìyá ọmọ á sì mọ̀. Ìyá wò mí títí. Wọ́n fi aṣọ náà bo ojú, wọ́n ní, "Ó ti lọ."

Mi ò sọ pé ó kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ èyí fún ara mi, pé mi ò sọ ọ́. Àmọ́ ẹnu mi wà níbẹ̀, mi ò sì sọ pé rárá.

Àwọn ará ilé pé jọ. Àlùfáà wá ṣe àdúrà kékeré, torí ọ̀fọ̀ ni. Àwọn tí a jọ lọ wá kí wa, wọ́n ń yìn mí pé mo ní ìfaradà, pé mo gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní Abidjan, mi ò sì ba ìrìn àjò jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ìyá ò bèèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Èèwọ̀ ni kí òbí rí ibojì ọmọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣà yẹn ló bò mí láṣìírí.

Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe kírun ọ̀sán tán, nọ́ńbà òkèèrè kan pè mí. Mo dá ohùn náà mọ̀ kó tó dárúkọ. Ó ní ọmọ òun ló rí fọ́tò mi àti orúkọ ìdílé wa lórí ayélujára, níbi tí mo ti ń polówó ilé ìwòran mi, òun sì rí nọ́ńbà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "O wá síbí. Àdúgbò wa ló wà lẹ́yìn ẹ nínú fọ́tò yẹn."

Mo ní mi ò mọ ibi tó ń gbé. Kò bá mi jà. Ó ní nǹkan ò rọgbọ fún òun láti ọjọ́ yìí, ìtìjú ni ò jẹ́ kí òun wálé lọ́wọ́ òfo. Ó ní, "Ìyá ńkọ́? Torí wọn ni mo ṣe fẹ́ wálé báyìí."

Ìyá wà nínú yàrá. Mò ń gbọ́ ìró tẹ̀sùbáà wọn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé tí kò bá ti sí Ìyá, kò ní wá. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá ti kú."

Èyí, mo sọ ọ́. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Ó sunkún. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń sunkún sí mi létí bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Nígbà tó dákẹ́, ó ní òun ń bọ̀ ní Iléyá, kí n mú òun dé ibojì Ìyá, kí òun lè tọrọ àforíjì. Mi ò ronú dé ibẹ̀ rárá. Òbí ò gbọdọ̀ rí ibojì ọmọ, àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ rí ti ìyá ẹ̀.

Bí mo ṣe wọlé, Ìyá ní, "Ta lò ń pè ní ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan?" Mo ní oníbàárà ni. Wọ́n ní ó pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Wọ́n wá ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi àlùjáńnà kẹ́ Mùfútáù. Mo ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún nínú àwọn méjèèjì? Tí mo bá sọ fún Ìyá, mo ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ wọn. Tí mo bá sọ fún Bùrọ̀dá, mi ò mọ ojú tí màá fi wò ó. Ẹ má ní kí n gbàdúrà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣe àmín jù. Ẹ tètè fèsì. Lánàá ló tún pè. Ó ní tí òun bá sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì, kí n wá pàdé òun, ká kọ́kọ́ yà sí itẹ́ òkú lọ kí Ìyá ká tó wọlé.