Ẹsẹ̀ Òsì Ìyàwó Àbúrò Mi

Ẹ fa ìjókòó súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará ilé mi ní n kò gbọdọ̀ sọ. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í tú aṣọ ní ìdí ara rẹ̀ lójú ọjà. Èmi yóò tú u. Obìnrin kan kú nílé wa lóṣù tó kọjá. Ẹ̀gàn tí wọ́n fi sin ín, èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, nílé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Ifangni, èmi ni mo máa ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ lè kú, kó má baà mọ ìrora nígbà tí dókítà bá ń fi ọ̀bẹ kàn án.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ yọ irin tí wọ́n fi to egungun kúrò nínú ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyàwó àbúrò mi. Mo ní kó dojú bolẹ̀, kí n lè gún un lẹ́yìn orúnkún. Ẹni tó bá dojú bolẹ̀, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ti yí lójú ẹni tó dúró tì í. N kò wo ìwé ìtọ́jú rẹ̀. N kò fi báírò sàmì sí ẹsẹ̀. N kò bi í léèrè. Òsì ni mo gún.

Ó sọ̀rọ̀ o. Ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ibẹ̀ náà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Ó dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ilé wa: ọmọ ọwọ́ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, áńbọ̀sì èmi.

Nígbà tí mo rí àṣìṣe mi, dókítà kò tí ì wọlé. Mo gún ọ̀tún pẹ̀lú, mo pa ẹnu mọ́. Nígbà tí dókítà parí, ó wí fún un pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ le, kó gbé ara lé e bó bá fẹ́ dìde. Dókítà bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin náà dìde. Òsì ti kú. Ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, ọwọ́ náà sì wọ́ títí ó fi kú lóṣù tó kọjá.

Àbúrò mi sáré dé. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ní kó má tí ì dìde. Olóríkunkun ni ìyàwó rẹ."

Obìnrin náà wò mí láti ilẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi."

Lónìí, àwọn tó gba ipò mi ní ẹ̀rọ tó ń fi iṣan hàn wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n á dúró kí wọ́n tó gún, wọ́n á bi aláìsàn pé, "Ẹsẹ̀ wo?" Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé ìgbà yẹn ló fà á. N kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo ní ẹnu.

Nígbà tí a sin ín tán, àbúrò mi bẹ̀ mí: "Bon, ó dáa, Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀. Òkú kì í rojọ́."

Mo ní èmi ni n óò rò ó fún un. Kó bínú. Kí gbogbo ilé bínú.

Wọ́n ti pín ogún obìnrin náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ gba oko ọ̀pẹ tó wà ní Ko-Koumolou. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó wà nílé ọkọ ní Banigbé, orúkọ ni òun jogún. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ olóríkunkun!" Á sì dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Banigbé, n kò bẹ̀bẹ̀ fún ara mi. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.