Kọ̀ǹpútà Tí Bàbá Yọ Lára Iná

Àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan nínú bọ́ọ̀sì ní Mount Hope, lókè òkun níbí, bàbá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n múra ṣọ́ọ̀ṣì jókòó síwájú mi, wọn ò sì mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá.

"Dádì, mi ò ní kí ẹ má ràn wá lọ́wọ́," obìnrin náà sọ, bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tó ti rẹ̀ ẹ́. "Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn ti pẹ́. Àwọn ará Japan ṣe é fún géèmù kí ẹ tó bí mi. Kì í tọ́jú nǹkan kan. Tí iná bá ti kúrò lára ẹ̀, gbogbo ohun tí èèyàn tẹ̀ sínú ẹ̀ ti lọ nìyẹn."

"Ta ló sọ fún mi? Nílé, a kì í jáde láìyọ nǹkan lára iná."

"Wọn kì í mú iná lọ níbí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọkọ mi ti ń wo ìwé tẹ géèmù kan sínú ẹ̀ ní ìlà-ìlà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó lè fún ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ ìbí lọ́la."

"Kò kúkú bínú. Ó kí mi, ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́."

"Bó ṣe máa ń bínú nìyẹn, Dádì."

Gbólóhùn yẹn ni mo ṣì ń rò lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà dìde lójijì.

"Dádì, áyọ́ọ̀nù. Ṣé mo yọ ọ́ lára iná?"

Bàbá ò wojú ẹ̀. "Mo ti bá ẹ yọ ọ́."